Mílígíráàmù 164: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sílíkà èèpo ìrẹsì ní láàbù wa l'Ádó-Èkìtì

Ọjọ́bọ̀ ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, wọ́n ti mú iná lọ láti ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ jókòó síwájú òṣùwọ̀n wa, ó ti ilẹ̀kùn dígí rẹ̀ pa kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i, ó ń wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó dúró, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó tún un wò, ló bá pariwo: “Sà! 164! Mílígíráàmù 164!”

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù kẹ́mísìrì ní yunifásítì kan nílùú yìí. Èmi ni mo ń po ásíìdì, èmi ni mò ń wá gíláàsì tuntun nígbà tí ti àtijọ́ bá fọ́, èmi náà ni mò ń ṣọ́ àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá kí wọ́n má fọwọ́ ara wọn jó ara wọn. Mo gbọ́ 164 yẹn, ìwọ̀n CO2 (afẹ́fẹ́ inú èéfín tó ń jẹ́ kí ayé gbóná) tí gíráàmù kan sílíkà wa, iyẹ̀fun funfun tí a fi èèpo ìrẹsì ṣe, dà bí ẹni mú, mo rẹ́rìn-ín fún ọmọ náà nítorí ojú rẹ̀ tó ń dán, ṣùgbọ́n inú mi kò balẹ̀. Nọ́ńbà yẹn dùn ju ohun tí a sè lọ.

Ohun tí a sè náà rèé. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ ìrẹsì Ìgbẹmọ. Bí ènìyàn bá dé ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ níbẹ̀, yóò rí òkìtì èèpo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ bí iyanrìn, tó fúyẹ́ débi pé atẹ́gùn ń gbé e. Nínú ìrẹsì 100 kìlógíráàmù tí wọn kò tíì bó, èèpo tó nǹkan bí 20 ni yóò jáde lára rẹ̀. Adìẹ kì í jẹ ẹ́, ewúrẹ́ kì í fẹ́ ẹ, kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn dáná sí i ni, yóò sì máa rú èéfín lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìdí tí kò fi ń jẹrà náà ni ìdí tí a fi lọ. Ìrẹsì máa ń fa sílíkà láti inú ilẹ̀, yóò sì kó o sára èèpo bí ẹni tó wọ ẹ̀wù irin. Bí a bá jó èèpo yẹn di eérú, eérú náà yóò tó ìdá kan nínú márùn-ún èèpo tí a jó, bí a bá sì ti fọ̀ ọ́ dáadáa kí a tó jó o, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 eérú náà tó jẹ́ sílíkà. Sílíkà yìí kan náà ni iyanrìn, òun náà ni dígí, òun náà ni hóró funfun inú àpò kékeré tí wọ́n ń kì sínú páálí bàtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé páálí bàtà yẹn, a máa padà síbẹ̀.

Ìyá tó ni ẹ̀rọ ìlọ̀rẹsì níbẹ̀ wo àpò mẹ́rin tí a kó wá, ó wo ọkọ̀ tí a gbé wá, ó wá bi wá pé kí la fẹ́ fi pàǹtí ṣe. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, a fẹ́ fi mú afẹ́fẹ́ kan tó ń jáde láti inú èéfín ni, òun ló ń jẹ́ kí ayé máa gbóná.” Màmá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ fẹ́ fi èèpo mú èéfín, èmi sì ń sun èèpo kí n lè rí èéfín. Ẹ máa kó o lọ, ọmọ mi, mi ò ní gbowó lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti rí i mú, kẹ́ ẹ padà wá sọ fún mi.”

Ìpèsè sílíkà náà kì í ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n kò ju ọgbọ́n aṣọṣẹ lọ. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ pé eérú èèpo kòkó ní iyọ̀ kan nínú tó ń ta ọwọ́. Potasíọ̀mù ló wà níbẹ̀. Èèpo ìrẹsì náà ní díẹ̀ nínú rẹ̀, bí iná bá sì kàn án pọ̀ mọ́ sílíkà, yóò yọ́ sára rẹ̀, yóò sì dé èédú mọ́nú, eérú á wá dúdú tòtò. Nítorí náà a kọ́kọ́ fi ásíìdì gbígbóná fọ èèpo, a ṣàn án nù títí omi rẹ̀ fi mọ́, a sá a, a wá tì í sínú ìléru mànàmáná ní 600°C. Funfun báláú ló jáde. A kì í jẹ́ kí iná rẹ̀ ju 700 lọ, nítorí bí ó bá gbóná jù, sílíkà yóò to ara rẹ̀ bí òkúta, kò ní fẹ́ yọ́ mọ́, èyí tó tún burú ni pé eruku irú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Gbogbo wa bo imú.

Lẹ́yìn náà ni sódà kọ́sítíìkì. A sè é pọ̀ mọ́ eérú, sílíkà yọ́ sínú omi, a sẹ́ ẹ, a wá ń kán ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń rò ó. Ó tó àsìkò kan, omi tó mọ́ gaara á kàn dédé dì bí ẹ̀kọ gbígbóná tó ń tutù. Kì í sú mi láti wo ìgbà yẹn. Ìyára tí ènìyàn fi ń kán ásíìdì sí i ló ń pinnu bí hóró rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó. Àwòrán tí a san owó fún níta, nítorí a kò ní ẹ̀rọ awòye irú rẹ̀, fi hàn pé àwọn hóró náà kò tó 100 nánómítà, wọ́n kó ara wọn jọ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Nánómítà kan ni bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Àǹfààní kíkéré yẹn ni pé ara rẹ̀ pọ̀: gíráàmù kan, tí kò kún ṣíbí tíì, ní awọ tó fẹ̀ ju ilé ńlá kan lọ bí a bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Sílíkà nìkan kò mọ CO2 mú dáadáa. Yóò fà á mọ́ra díẹ̀, yóò tún jẹ́ kó lọ. A ní láti fi ọwọ́ kún un fún un. Kẹ́míkà tí a fi ṣe é ni wọ́n ń pè ní APTES, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta nísàlẹ̀ àti amine kan lókè, ìyẹn ọwọ́ oní-náítírójìn tó ń di CO2 mú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn ló fi ń jókòó lórí sílíkà bí ìkòkò ṣe ń jókòó lórí ààrò, amine tó wà lókè ló wá ń na ọwọ́. Ó kórìíra omi: bí omi bá wà lára sílíkà, àwọn APTES á di ara wọn mú, wọn kò ní rántí sílíkà mọ́. Ọmọ náà mọ èyí. Ó gbẹ sílíkà rẹ̀ mọ́jú ní 120°C, ó sè é nínú toluene tí kò lómi, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí a fi títíréṣọ̀n wò ó, mílímóòlù 1.9 amine ló wà lórí gíráàmù kan (mílímóòlù ni a fi ń ka iye ẹyọ kẹ́míkà, dípò ìwúwo rẹ̀). Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ má rò pé ibẹ̀ ni àṣìṣe wà.

Ọgbọ́n fífi amine mú CO2 kì í ṣe tuntun. Láti 1930 ni R. R. Bottoms ti gba ìwé ẹ̀rí olùpilẹ̀ṣẹ̀ (patent) lé e lórí ní Amẹ́ríkà, omi ni tirẹ̀: wọ́n po amine sínú omi, wọ́n jẹ́ kí gáàsì gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n wá sè é kó lè pọ̀ ọ́ jáde. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ gáàsì títí dòní. Ìdààmú rẹ̀ ni pé ènìyàn ń se omi púpọ̀ nítorí amine díẹ̀, omi náà sì ń jẹ irin. Ẹni tó bá gbé amine jókòó lórí nǹkan líle kò ní omi láti sè. Ní 1992 ni àwọn ará iléeṣẹ́ epo Mobil kéde MCM-41, sílíkà oníhò tó tò bí afárá oyin, láti ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn ti ń kó amine sínú irú ihò bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ Climeworks, tó ṣí ibùdó kan tó ń jẹ́ Orca ní Iceland ní 2021, ń fi ohun líle tó ní amine lára mú CO2 láti inú afẹ́fẹ́ gbangba, 4,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún ni wọ́n kọ́ ọ fún. CO2 inú afẹ́fẹ́ ayé ti kúrò ní nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan, ṣáájú ìgbà tí iléeṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní 420 báyìí. Ìjọba wa náà dúró níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021, wọ́n ní tó bá fi máa di 2060, Nàìjíríà kò ní máa fi kún un mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sórí òṣùwọ̀n.

Láàbù tó bá rí owó, ẹ̀rọ kan wà tó ń gbóná, tó ń fẹ́ gáàsì, tó sì ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. A kò ní in. Ohun tí a ní ni ọ̀pá gíláàsì oníkọ́ bí U. A da gíráàmù kan sílíkà sínú rẹ̀, a wọ̀n ọ́n, a fẹ́ CO2 gba inú rẹ̀ fún wákàtí kan, a dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, a tún un wọ̀n. Ohun tó bá fi wúwo sí i, a ní òun ni CO2 tó mú. CO2 náà ńkọ́? Owó sìlíńdà kò sí, nítorí náà a ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní girama: òkúta mábù nínú ìgò, ásíìdì HCl lórí rẹ̀, ó ń hó ṣùù, gáàsì ń gba rọ́bà lọ sínú ọ̀pá. Èmi ni mo so rọ́bà náà. Ẹ rántí èyí náà.

Nígbà tí ariwo 164 rọlẹ̀, mo fa àga mọ́ ọn. Mo ní, “Ọmọ mi, kí la ní lórí gíráàmù kan?”

“Amine mílímóòlù 1.9, sà.”

“Amine mélòó ló ń mú CO2 kan?”

Ó mọ̀ ọ́n. Bí gáàsì bá gbẹ, méjì ni. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá fẹ́ mú ewúrẹ́: ọ̀kan á dì í mú lọ́rùn, èkejì á gba okùn rẹ̀. Amine àkọ́kọ́ á gbá CO2 mọ́ra, èkejì á gba háídrójìn tó kù. Nítorí náà amine 1.9 kò lè mú ju 0.95 lọ. Mílímóòlù kan CO2 sì jẹ́ mílígíráàmù 44. Ó tẹ kákúlétọ̀ fóònù rẹ̀: 42.

“Tí omi bá wà ńbẹ̀, sà, amine kan lè mú ọ̀kan.”

Òótọ́ ni. Ìyẹn á jẹ́ 84. Ká tiẹ̀ fi omi tó bá a rìn kún un, kò ní kọjá 118. Ó dákẹ́, ó ń wo 164. Ó ní, “Bóyá inú ihò ló kó ìyókù sí.” Ìdáhùn yẹn kò burú, sílíkà lè fi ihò rẹ̀ pamọ́ díẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ pé ihò ni, kí ó lọ mú sílíkà tí kò ní amine rárá, kí ó ṣe gbogbo ohun tó ṣe fún un gẹ́lẹ́.

Ká ti ṣe ìyẹn ṣáájú ni. Èmi gan-an ló yẹ kí n béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí a tó fẹ́ gáàsì kankan, n kò sì béèrè. Ohun tó tún wá dá kún un ni pé Prọ́f ti gbọ́. Ọmọ náà ti ya àwòrán ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn kí n tó fa àga mọ́ ọn. 164 jẹ́ mílímóòlù 3.7 lórí gíráàmù kan, nọ́ńbà tí àwọn tó ní owó àti ẹ̀rọ ń wá kiri, òun náà ló wá jáde nínú èèpo Ìgbẹmọ. Prọ́f pe fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú wọn dùn gan-an, wọ́n ní àwọn ti kọ ìkékúrú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ kan nítorí ọjọ́ ti fẹ́ tán. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jẹ́ ká tún un wò láàárọ̀.” Ó yẹ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi òṣìṣẹ́ láàbù, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ó ṣe ń rí.

Láàárọ̀ Jímọ̀, sílíkà lásán wọ inú ọ̀pá. Kò lọ́wọ́, kò ní amine, kò ní nǹkankan lára tó lè mú CO2 tó bẹ́ẹ̀. Ó fi mílígíráàmù 97 wúwo sí i.

Ọmọ náà jókòó sórí àga gíga náà, kò sọ̀rọ̀. Mo lọ sínú dúrọ́ọ̀, mo mú àpò kékeré kan wá tó wà nínú páálí bàtà ọmọ mi, mo gbé e sí iwájú rẹ̀. A kọ “má jẹ ẹ́” sí i lára. Ó wò ó, ó fọwọ́ bo ojú. “Omi,” ló wí.

Omi ni. Sílíkà ni àpò páálí bàtà, iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an síbẹ̀ ni kí ó fa ọ̀rinrin. Àwa sì mú gáàsì jáde láti inú ásíìdì tí a fi omi pò, tó ń hó, tó ń ru ooru omi sókè, nínú oṣù keje tí iyọ̀ orí tábìlì gan-an ń di odindi l'Ádó, a wá darí gbogbo rẹ̀ sórí ohun tó jẹ́ pé òùngbẹ omi ló ń gbẹ ẹ́. Òṣùwọ̀n kò purọ́. Ó kàn wọn ohun tí a gbé lé e ni. Àwa la ń pe omi ní CO2.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ìtàn kékeré ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ìwé ọmọ náà tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà sí. Lẹ́yìn 164 yẹn, ó ti gbé sílíkà alámine náà sínú ófùnù ní 110°C fún wákàtí méjì, pẹ̀lú ẹnu ọ̀pá ní ṣíṣí, kí CO2 lè jáde lára rẹ̀, nítorí ohun tí a bá fẹ́ lò lẹ́ẹ̀mejì gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń tú ohun tó mú sílẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù. Kò padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi 31 lé sí i. Ó kọ “kò tíì gbẹ tán” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Mo ní kí ó gbé sílíkà lásán náà sínú ófùnù. Bí ooru wákàtí méjì náà ti mú un, ó padà sí gíráàmù kan géérégé. Nítorí náà omi ń jáde tán ní 110. CO2 náà ń jáde ní 110. Kí wá ni 31 tó jókòó sórí amine tí kò fẹ́ dìde?

A jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí títí di ọ̀sán. Èrò tirẹ̀ ni pé ooru ti ba amine jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń ba amine jẹ́, ṣùgbọ́n wákàtí méjì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n ooru yẹn. Èmi ń wo ìgò mábù. Ẹnu rẹ̀ ní kùrukùru díẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo gbọ́ òórùn tó máa ń ta imú yẹn, òórùn tí mo ti gbọ́ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ yìí wá débi pé n kò gbọ́ ọ mọ́.

Mo ní, “Ásíìdì wo lo dà lé mábù?”

“HCl, sà. Ẹ̀yin lẹ pò ó.”

Èmi ni mo pò ó. Mo pò ó kí ó le, kí gáàsì lè yára. HCl sì máa ń tú afẹ́fẹ́ tirẹ̀ jáde, òun náà sì ti gba inú rọ́bà bá CO2 lọ. Bí CO2 ṣe jẹ́ ásíìdì tí kò lágbára ni amine fi ń mú un, tó sì ń jẹ́ kó lọ. Ásíìdì tó lágbára kì í jẹ́ kí ọwọ́ amine já. Ó di iyọ̀ lójú ẹsẹ̀, 110°C kò tó láti yà wọ́n. Mílígíráàmù 31 HCl jẹ́ nǹkan bí mílímóòlù 0.85, amine tí a ní kò ju 1.9 lọ. Ìyẹn ni pé nínú wákàtí kan ṣoṣo, ó kù díẹ̀ kí a pa ìdajì ọwọ́ tí ọmọ yìí fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbìn.

Mo fẹ́ kí ó rí i fúnra rẹ̀. Ó bu díẹ̀ nínú sílíkà tó ti jáde nínú ófùnù yẹn, ó pò ó sínú ásíìdì náítíríìkì díẹ̀ tí a fi omi là, ó sẹ́ ẹ, ó kán silver nitrate sí i lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́míkà tó máa ń sọ omi di funfun bí kílóráìdì inú HCl bá wà níbẹ̀. Funfun bí wàrà, ó yí po, ó bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ sísàlẹ̀. Ó ṣe ti sílíkà tí kò tíì fojú kan gáàsì náà, omi rẹ̀ mọ́ gaara títí dìgbà tí a dà á nù. Ó gbé túùbù méjèèjì sókè síbi fèrèsé, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún. Ohun tó sọ ni pé, “Sà, ẹ jẹ́ n ya fọ́tò rẹ̀.”

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. A fi ìgò méjì sáàárín ọ̀nà. Nínú ti àkọ́kọ́ ni sodium bicarbonate tí a po sómi wà, ohun tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà. Ó ń gba HCl dúró, CO2 ń kọjá. Èkejì jẹ́ ọ̀pá gígùn tó kún fún calcium chloride, òun ló ń gba omi. A ní kí ó ṣe amine tuntun látìbẹ̀rẹ̀, kò sì ráhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, gáàsì tó mọ́ tó sì gbẹ, sílíkà alámine tuntun: 52. Sílíkà lásán: 27.

Inú rẹ̀ dùn, ó ní 52 dára, ó bójú mu. Mo ní, “Mélòó ni ìwọ fúnra rẹ ní kò gbọ́dọ̀ kọjá tó bá gbẹ?” Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. 42 ni.

Ibí yìí ni mo ti gbádùn ọmọ yìí jù. N kò sọ nǹkankan fún un. Ó lọ sílé, ó padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tilẹ̀ tíì kí mi tán tó fi ní, “Sà, ọ̀pá náà. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. CO2 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo dí i.” CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀pá òfìfo, tí kò ní hóró sílíkà kan nínú, yóò wúwo sí i bí a bá kan fẹ́ gáàsì kún inú rẹ̀. Ó ṣe é lójú mi: ọ̀pá òfìfo fi 18 wúwo sí i. Inú ọ̀pá náà gba nǹkan bí 30 mílílítà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀, kó ṣírò rẹ̀, ó bá ara mu.

Ó yọ 18 kúrò nínú méjèèjì. Sílíkà lásán ku 9, ihò rẹ̀ nìyẹn. Sílíkà alámine ku 34. Ó kéré sí 42, bí ó ṣe yẹ kí ó kéré, nítorí kì í ṣe gbogbo amine ló rí ẹnìkejì tí yóò bá a gba okùn. Wọ́n gbé e sínú ófùnù, ó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀márùn-ún, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

34 jẹ́ mílímóòlù 0.77. A bẹ̀rẹ̀ láti 3.7.

Ọ̀rọ̀ Prọ́f ló kù. Mo bá ọmọ náà lọ sí ọ́fíìsì wọn, nítorí kò yẹ kí ó dá lọ. Ó gbé túùbù méjèèjì dání nínú fọ́tò, ó tò ó láti orí 164 títí dórí 34. Prọ́f gbọ́ ọ tán, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nu ún pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n bi mí pé ta ló po ásíìdì. Mo ní èmi ni. Wọ́n bi ara wọn, kì í ṣe èmi, pé ta ló sọ pé kí a fi ránṣẹ́ kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn onípàdé lọ́jọ́ yẹn gan-an pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ náà kúrò. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kò jẹ́ kí ó tún un fi ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tòótọ́. Wọ́n ní 0.77 kò tó nǹkan tí ènìyàn ń gbé wá sójú ọjà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, n kò sì tíì gbà bẹ́ẹ̀ dòní. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni a lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Lọ́jọ́ tó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò tó wá láti ìta bi í ní ìbéèrè kan tí gbogbo yàrá fi rẹ́rìn-ín: jẹnẹrétọ̀ tí ẹ fi ń gbé ófùnù yín, èló ni ó ń mu? Ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ó ní lítà kan epo bẹntiróòlù tó bá jó tán ń tú nǹkan bí kìlógíráàmù 2.3 CO2 sáfẹ́fẹ́. Kìlógíráàmù kan sílíkà tòun yóò mú gíráàmù 34 lẹ́ẹ̀kan. Ó ní yóò tó ìgbà 68 tí yóò mú, tí yóò tú u sílẹ̀, kí ó tó gbà bí lítà kan. “Àwa sì ń jó ju lítà kan lọ nínú wákàtí méjì, sà, nítorí gíráàmù kan ṣoṣo.” Olùyẹ̀wò náà ní kí ló wá ń ṣe é fún. Ó ní ooru tí wọ́n ń dà nù wà nínú iléeṣẹ́, tí a lè fi tú u sílẹ̀ láìjó epo mìíràn, àti pé ìrẹsì tí wọ́n ń lọ̀ ní Ìgbẹmọ ti ní ooru tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sè é kí wọ́n tó sá a. Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀.

A padà sọ́dọ̀ Màmá ní oṣù kejìlá, nítorí ó ti ní kí a wá sọ fún òun. Ọmọ náà mú díẹ̀ nínú iyẹ̀fun náà dání nínú ìgò kékeré. Màmá gbà á, ó yí i sójú oòrùn, ó ní ó jọ èlùbọ́ funfun. Ó ní, “Ẹ rí i mú?”

“A rí i mú, Màmá. Díẹ̀ ni.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun lẹ mú?”

Mo wo ọmọ náà, ọmọ náà wò mí. Ó gbé àpótí kan sún mọ́ Màmá, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀pá òfìfo.